Ìrù Bàálù Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ọkùnrin kan ń kan bàálù nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ìgàndò, mi ò kọ́kọ́ gbà. Mo ti rí tó ẹni mẹ́ta tó so páànù mọ́ ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pe oníròyìn.

Ti Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénga Ọdẹ́tọ́lá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú àpótí pákó ni wọ́n kó bàálù náà sí wá láti òkè òkun, ní wẹ́wẹ́, pẹ̀lú ìwé ìtọ́nisọ́nà tó nípọn. Ìjókòó méjì ló ní. Ó ti ní apá, ó ti ní táyà, ó kún gáréèjì débi pé ìta ni mọ́tò bàbá náà ń sùn láti ọdún mẹ́jọ.

Ọmọ Ìjerò Èkìtì ni, ó sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ irin. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà ní kó wá ohun tí yóò máa fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin adìyẹ. Òun ra bàálù. Mo bi í pé ibo ló fẹ́ fò lọ. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé. Ó ní òun kò rà á láti fò. Ó ní bí èèyàn bá ń lu ihò tí kò ju ẹnu báírò lọ sára alumíníọ̀mù, kò sáyè láti ronú nípa nǹkan mìíràn. Bí òun bá fi máa gbórí sókè, ilẹ̀ á ti ń ṣú, ara òun á sì fúyẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìṣó kékeré tí wọ́n ń pè ní rífẹ́ẹ̀tì ló so ara bàálù pọ̀, ẹni méjì ló sì ń kàn án: ọ̀kan á fi ẹ̀rọ gbá a láti ìta, èkejì á di irin mú tì í láti inú. Ìyàwó rẹ̀, Ìbíyẹmí, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń wọ inú, torí òun ló tín-ín-rín. Wọn kì í ríra wọn. Bí ìṣó bá jókòó dáadáa, ìyàwó á lu irin lẹ́ẹ̀kan kí ọkọ gbọ́. Bí kò bá jókòó, ẹ̀ẹ̀mejì.

Lucy tó ń gbé ọgbà kejì kì í jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Á ní, "Mummy Tómisìn, ọjọ́ wo la ń gbéra? Ẹ bá mi fi ìjókòó ojú fèrèsé pamọ́ o."

Ìbíyẹmí á dáhùn láti inú bàálù pé, "Ìwọ lo máa tì í kó tó stáàtì, jàre."

Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni Ìbíyẹmí kú. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú; kò rí Ọjọ́rú. Iṣẹ́ tó kù kò ju páànù kan lọ, èyí tó máa pa inú ìrù dé. Olúwatómisìn, ọmọ wọn, bẹ bàbá rẹ̀ kó gbé bàálù náà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìdímù. Ó kọ̀. Ó ní ọjọ́ tí òun bá parí rẹ̀ lòun máa lọ.

Oṣù méje ni kò fi wọ gáréèjì. Nígbà tó yá, ó pe Jàfárù, tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ní Akowonjo, kó wá bá òun di irin mú. Jàfárù rá wọ inú ìrù, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Bàbá, ta ló máàkì iṣẹ́ yín?"

Gbogbo ìlà ìṣó ni Ìbíyẹmí ti fi máákà pupa máàkì bí ìwé ọmọ iléèwé. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Tún un ṣe. Déètì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Títí ó fi kú, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ rí. Mi ò gba ọ̀rọ̀ Jàfárù gbọ́, mo rá wọlé fúnra mi. Wọ́n wà níbẹ̀.

Ikùn Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá kò jẹ́ kó lè wọ inú ìrù, torí náà Jàfárù ló kà wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, tí bàbá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àìsàn náà. Obìnrin tí kì í pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí: "Mẹ́fà nínú mẹ́wàá. O ń kánjú."

Jàfárù béèrè bóyá kí àwọn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá ní kó jáde. Bí páànù yẹn bá ti wọlé, ọwọ́ nìkan ló máa lè dé inú ìrù láti di irin mú, kò sẹ́ni tó máa ráyè ka ohun tí Ìbíyẹmí kọ mọ́, àfi tí wọ́n bá tú bàálù náà. Mo ní ṣebí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní Tómisìn ti yà á, òun ti rí i, kì í ṣe fọ́tò lòun ń wá.

Jàfárù ti wá lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Tómisìn ti kun yàrá kan sílẹ̀ ní Ìdímù. Kò tíì sẹ́ni tó sùn níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bàbá náà máa ń nu eruku lára apá bàálù, kò sì kan nǹkan kan. Mo bi í bóyá bàálù náà ṣì ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ ni," ló wí. "Èyí tó kù báyìí, kí n pa á dé ni."