Bọ́tìnnì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Tẹ̀

Mehrangez Bano, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọmọ abúlé Daryabul tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú Gilgit, gba àṣẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìkìlọ̀ abúlé rẹ̀. Wọn ò lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́, kò sì dárúkọ obìnrin tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Bibi Nigar ni orúkọ obìnrin náà, ẹ̀gbọ́n bàbá Mehrangez ni.

Adágún omi kan wà lókè Daryabul, lẹ́nu òkè yìnyín. Bí oòrùn bá mú, yìnyín á yọ́, adágún á kún, ọjọ́ tó bá sì já, omi àti òkúta á gba inú abúlé kọjá. Ó já nígbà tí Mehrangez wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sì fi igi eléso ápríkọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú ọgbà bàbá rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ́fíìsì ní kó ṣe ojú-ewé ayélujára kan fún olùṣọ́ adágún, tọkàntọkàn ló fi ṣe é.

Bọ́tìnnì pupa kan ló wà lójú ewé náà. Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ kò lágbára kankan. Bí olùṣọ́ bá tẹ̀ ẹ́, á ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan lórí kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní Gilgit, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Sáfà ló mọ ohun tó kù: òun ló máa pe gbogbo fóònù abúlé, òun ló máa fọn fèrè tó wà lórí òrùlé ilé-ìwé.

Mehrangez fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ti ojú-ewé. Àdírẹ́sì tí bọ́tìnnì ń ránṣẹ́ sí ni kò tì. Nígbà tó ń dán iṣẹ́ wò, tí wọn ò tíì so fèrè mọ́ ọn, ó sú u láti máa kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé léraléra. Ó wá ṣètò rẹ̀ pé bí wọ́n bá ti ṣí àdírẹ́sì náà lásán, sáfà á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní òun á tì í tó bá yá. Gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta, tí yìnyín ṣì wà lójú ọ̀nà, wọ́n so fèrè. Inú Mehrangez dùn, ó fẹ́ kí àwọn ará ilé rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ó ránṣẹ́ sí gúrúùpù orí fóònù àwọn tó yọ̀ọ̀da ara wọn láti ṣèrànwọ́ lábúlé. Àdírẹ́sì ojú-ewé ló fẹ́ fi ránṣẹ́, ti bọ́tìnnì ló dà kọ. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ nǹkan kan.

"A gbọ́, ọ̀gá kọ̀ǹpútà," ni Mirbaz, aláwàdà gúrúùpù náà, fi fèsì. "Ewúrẹ́ mi nìkan ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún."

Fèrè ti ń ké kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Gbogbo abúlé gun òkè lọ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Bibi Nigar, tí ilé rẹ̀ sún mọ́ odò jù lọ, fi búrẹ́dì sílẹ̀ lórí iná, ó jáde, ó yọ̀ ṣubú lórí yìnyín. Àwọn tó kù dúró nínú òtútù títí olùṣọ́ fi sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún wọn pé adágún náà ṣì dì gbagidi.

Mirbaz ni wọ́n kọjú sí.

"Ìwọ àti ẹ̀fẹ̀ rẹ. O tẹ̀ ẹ́, àbí o ò tẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ gba fóònù mi, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

"A ò mọ fóònù yẹ̀ wò. Ìwọ la mọ̀."

Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú kòtò tí omi ń gbà lọ sí oko ní ìgbà ìrúwé, Mirbaz nìkan ló ń dá gbẹ́ apá tirẹ̀. Mehrangez pàápàá gbà pé Mirbaz ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó yọ fèrè kúrò lára sáfà, ó fi gílóòbù kékeré rọ́pò rẹ̀, ó sì fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí fóònù ara rẹ̀. Ó ká ọwọ́ lé orúnkún. Fóònù dún, gílóòbù sì tàn.

Kò tíì fọwọ́ kàn án. Fóònù ló lọ yọjú wo àdírẹ́sì náà, kó lè fi àwòrán ohun tó wà níbẹ̀ hàn án. Lójú sáfà, ẹni tó yọjú àti ẹni tó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mehrangez ló sì ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó lọ sílé, ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn.

"Fóònù ló tojú bọlé onílé," ni Mirbaz wí, "èmi lẹ wá ń wò bí olè." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, òun náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọ́fíìsì kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà mọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìgbà náà ni Mehrangez tún un ṣe. Àdírẹ́sì náà kì í dá ẹni tó kàn yọjú lóhùn mọ́. Sáfà fúnra rẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, olùṣọ́ àti ẹnì kejì sì gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i kí fèrè tó ké. Èyí tí kò rí tún ṣe ni Bibi Nigar. Nígbà tí adágún já láyé ọjọ́sí, òun ló kó àwọn aládùúgbò rẹ̀ gòkè. Ní báyìí, gbogbo ilé tó wà létí odò ń sọ pé bí Bibi ò bá dìde, àwọn náà ò ní dìde. Bẹ́ẹ̀, oòrùn ti ń mú, adágún ti ń kún.

Orí àkéte, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni Mehrangez ti bá a.

"Bibi, mo ti tún un ṣe."

"Mo gbọ́."

"Kò ní dún mọ́ láìnídìí."

"Ṣé o sọ pé ó máa dún láìnídìí tẹ́lẹ̀ ni?"

Ìró odò ń wọlé láti ojú fèrèsé.

"Bó bá dún, Bibi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àwọn wo? Mirbaz? Ẹsẹ̀ kan tó kù yìí ṣì wúlò fún mi."

"Mirbaz fúnra rẹ̀ ló ní òun á wá."

"Ẹ ní ẹ máa dán an wò lọ́jọ́ Sátidé. Ibo lo máa wà?"

"Gilgit, Bibi. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mi wà."

"O máa wà ní Gilgit, èmi máa wà létí odò. Rárá, ọmọ mi. Wá tẹ̀ ẹ́ níbí, lórí àkéte mi, kí n máa wo ọwọ́ rẹ."

"Bí mo bá wá, ṣé ẹ máa gòkè?"

"Wá ná."

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n bá fún wàrà tán, olùṣọ́ máa fọwọ́ sí i látòkè, Mehrangez sì máa tẹ bọ́tìnnì náà nínú yàrá Bibi Nigar. Mirbaz àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta máa dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pákó tí wọ́n fẹ́ fi gbé e.