Ta Ló Ń Kó Ọmọ Ẹja Wa?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sin ajá àti ewúrẹ́, ẹja ni wọ́n ń sìn nílé tiwa. Kì í ṣe ẹja jíjẹ o. Bẹ́tà ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ ẹja oníjà là ń pè é, nítorí bí akọ méjì bá wà nínú omi kan náà, ọ̀kan á fa ìrù èkejì ya. Bàbá mi, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló rà wọ́n bọ̀ láti Èkó nínú ọ̀rá omi. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, wò wọ́n títí, ó ní, “Ẹja tí a kì í jẹ, kí la ń bọ́ ọ fún?”

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí tanwíjí. Iṣẹ́ mi ni láti fi asẹ́ gbọ̀n ọ́n nínú omi òjò lẹ́yìn ilé fún àwọn ẹja, kí n tó lọ sílé ìwé. Bí mo bá gbàgbé tó fi di ẹ̀fọn, ìyá mi á fa etí mi. Àǹtí Bọ́lá ló ń pààrọ̀ omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ará Ẹdúnàbọ̀n, ó ń gbé lọ́dọ̀ wa láti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á jẹ́ kí omi ẹ̀rọ sùn mọ́jú kó tó lò ó, á sì fi ewé furúùtù gbígbẹ sí i títí omi náà á fi pọ́n bí tíì.

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ kí wọ́n bímọ, ó fi abo sínú ìgò, ó gbé ìgò náà sínú báàfù akọ, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ojú ara wọn. Akọ fẹnu ta ìfófó jọ sójú omi, ìtẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi wá tú abo sínú báàfù, bó sì ti yé ẹyin tán ló gbé e kúrò, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé ó máa ń jẹ ẹyin. Akọ ló kù tó ń ṣọ́ wọn. Ẹyin tó bá já bọ́, á fẹnu gbé e padà sínú ìfófó. Bàbá mi á pè wá pé ká wá wo bàbá rere.

Àwọn ẹyin pa, àwọn ọmọ náà tín-ín-rín bí okùn òwú. Àmọ́ bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ń dín. A ó fi wọ́n sílẹ̀ láàárọ̀, a ó dé láti ilé ìwé, wọn ò pọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ọ̀kan kò kù. Ìgbà kejì, bákan náà.

Ni ìfura bá wọlé wa. Ìyá mi kọ́kọ́ ní Àǹtí Bọ́lá ló ń dà wọ́n nù mọ́ omi ìdọ̀tí. Nígbà tí ẹnì kan wá sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé irú ẹja bẹ́ẹ̀ ń tà, ó ní bóyá ṣe ló ń tà wọ́n. Èmi ní tèmi, Ìyá àgbà ni mò ń fura sí. Bí ó bá ń jẹun, mo máa ń yọjú wo inú abọ́ rẹ̀.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò Àǹtí Bọ́lá wò kó tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí á dúró, á máa wo ilẹ̀. Kò bá wa jẹun pọ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ìgbà kẹta tún ń dín, ìyá mi pè é síwájú bàbá mi.

“Bọ́lá, ìwọ nìkan lò ń fọwọ́ kan omi yẹn. Ibo lò ń kó wọn lọ?”

Àǹtí kúnlẹ̀. “Mọ́mì, mi ò mú nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé.”

Ilẹ̀ mọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Bàbá mi kàn ń fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, kò dá a dúró.

Ọ̀sán Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó ti báàfù, mò ń ṣa ẹ̀wà. Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan omi náà láti ìgbà tí Àǹtí ti lọ. Mo rí bàbá rere tó sún mọ́ ọmọ kan, ó la ẹnu, ó gbé e. Mo ń retí kó dá a padà sínú ìfófó. Ó gbé e mì, ó yí sí òmíràn. Mo ké sí bàbá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, òun náà rí i. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, ó wò títí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀sán náà gan-an ló wé gèlè, tó fà mí lọ́wọ́, a wọ takisí lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Àǹtí Bọ́lá ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Mi ò rí i rí kó kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i.

“Bọ́lá, ẹja yẹn ló ń jẹ ọmọ ara rẹ̀. Mo fura sí ọ láìnídìí. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Wọ́n gbé omi fún wa. Àǹtí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Àmọ́ kò padà wá bá wa gbé. Ẹdúnàbọ̀n ló ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Títí dòní, bó bá wá kí wa, ẹnu ọ̀nà ló ń gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ sí, níbi tí gbogbo ojú á ti rí i.

Nígbà yẹn, àwa ò mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ bẹ́tà bá ń lúwẹ̀ẹ́ ni bàbá wọn gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Lónìí, ọmọ mi obìnrin, tí òun náà ń sin bẹ́tà, ti rí i lórí fóònù kí n tó la ẹnu. Ní àdúgbò tí mò ń gbé ní Modákẹ́kẹ́ yìí, ojú ìyá kọ́ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́. Kámẹ́rà ni wọ́n ń gbé kọ́ sí ilé ìdáná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi bi mí pé kí ló dé tí àwa ò fi ní kámẹ́rà, nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ tí a kò mọ̀ dáadáa ń bá wa gbé. Àwọn ọmọ ẹja rẹ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kó lọ gbé akọ ẹja kúrò nínú omi ná.