Ọpẹ́ Tí Alásè Náà Kò Dú

Òórùn tùràrí àti ti aṣọ funfun tí òjò pa ló kún gbọ̀ngàn ìjọ wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀bá ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, téèyàn bá ti Ìkọ̀tún ń bọ̀, ni ìjọ náà wà, ẹrẹ̀ sì ti gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. A ti bọ́ bàtà sílẹ̀ bí a ti máa ń ṣe nínú sùtánà, táìlì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, wọ́n sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé kí àwòrán lè hàn lára ògiri. Ọ̀sẹ̀ àwọn obìnrin ni. Wọ́n ní dípò ìwàásù, a ó wo fíìmù òyìnbó kan tó dá lórí ìfẹ́.

Ògbufọ̀ ìjọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di máìkì mú, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dúró ti oníwàásù. Òun ló ń sọ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá fún àwọn ìyá àgbà, wọ́n sì gbára lé e bí afọ́jú ṣe ń gbára lé ọ̀pá. Ìyá mi wà lára wọn. Ọdún mọ́kànlá ló fi fọṣọ fún ìdílé òyìnbó kan ní Àpápá kí wọ́n tó bí mi. Kọ́ọ̀pù tánganran aláwọ̀ funfun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un níbẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì nílé wa ní Ìgandò títí dòní. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ fi mu omi. "Wọ́n kà mí sí," ni ó máa ń sọ, "wọn ò jẹ́ kí n bá ẹnikẹ́ni pín kọ́ọ̀pù."

Alásè kan, obìnrin aláwọ̀ dúdú nílé àwọn òyìnbó, ni fíìmù náà dá lé. Ìdúró ló ti ń jẹun lẹ́yìn kíṣìnì, abẹ́ síńkì sì ni àwo rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí àwo yẹn hàn, ògbufọ̀ ní, "Wọ́n ya àwo sọ́tọ̀ fún un, torí ó níyì lójú wọn." Àwọn ìyá mi orí. Ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Nílé tiwa, bàbá ilé ló ń ní àwo tirẹ̀. Mo ti gbọ́ ohun tí òyìnbó tó ni ilé náà sọ gan-an: kí ọwọ́ alásè má kan ohun tí wọ́n fi ń jẹun. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ìyàwó òyìnbó náà sunkún, ó dì mọ́ alásè, ó sì fún un ní kóòtù rẹ̀ àtijọ́. Alásè bọ́ ara rẹ̀ gbà, ó sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní ẹ ṣé o, mà. Ọlọ́run á bù kún yín."

Ojú ìyàwó òyìnbó náà tó ń sunkún ni fíìmù parí sí. Àtẹ́wọ́ ya lulẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Òyìnbó mà lójú àánú o! Ta ló máa bọ́ kóòtù fún ọmọ ọ̀dọ̀ níbí?"

"Ìwọ tí ò ń ti fíríìjì mọ́ tìẹ lójú ńkọ́?" lẹnì kejì rẹ̀ dá a lóhùn. Ẹ̀rín sọ.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kàn mí lórúnkún. "Ojú ẹni tó ń dúpẹ́ kọ́ nìyẹn. Kí ló sọ?"

"Ẹ jẹ́ ká délé, mà."

"Níbí ni kó o ti sọ ọ́."

N kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Mo dìde, mo ní kí wọ́n dá fíìmù padà, mo sì tú ọ̀rọ̀ obìnrin náà bó ṣe sọ ọ́: "Mo tọ́ àwọn ọmọ yín, tèmi dàgbà láìsí ìyá nílé. Ẹ ò bi mí rí pé kí lorúkọ wọn. Ẹ gba kóòtù yín. Ẹ máa fi àwo abẹ́ síńkì yẹn rántí mi, torí ẹ̀gbin lẹ kà mí sí."

"Sísítà," ni ògbufọ̀ wí, "fíìmù ìfẹ́ nìyí jàre. Ṣé ìkanra la fẹ́ kọ́ àwọn ìyá ni?"

"Ọ̀rọ̀ yín kọ́, sà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó gbè mí. Ìyá mi ń wo ògiri. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Abẹ́ síńkì ni tèmi náà ń gbé."

Àwọn kan ṣì ń bá mi wí pé mo gba iyì lọ́wọ́ arúgbó. Èmi kọ́ ni mo gbà á. Ẹni tó ṣe fíìmù jẹ́ kí alásè sọ̀rọ̀ tán, ẹkún ìyàwó òyìnbó ló sì fi parí rẹ̀, kí a lè káàánú ẹni tó ṣẹ̀. Èyí tó kù, ògbufọ̀ wa fi ọpẹ́ dí i lẹ́nu, àwa sì pàtẹ́wọ́. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn: a kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ parí ọ̀rọ̀ kí a tó bá a dúpẹ́.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé kọ́ọ̀pù náà jáde, ó nu eruku rẹ̀, ó sì bu omi sí i. Ó mu ìdajì, ó sì na ìyókù sí mi.

"Gbà, mu," ló wí. "Kọ́ọ̀pù lásán ni."