Ọgọ́rùn-ún Ọjọ́ Jeremaia

Olórí kunkun ni Akanisi, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ lábúlé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jeremaia, olórí àwọn apẹja, kú, wọ́n ri òpó sí etí àpáta iyùn inú òkun, wọ́n so imọ̀ àgbọn mọ́ ọn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹja ibẹ̀ ni wọn yóò fi se àsè ìparí ọ̀fọ̀. Akanisi ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ó lé àbúrò ara rẹ̀ kúrò, ó gba ìwọ̀ lọ́wọ́ opó tí ebi ń pa. Jeremaia ló tọ́ Akanisi dàgbà. Àsè yìí nìkan ló kù tó lè ṣe fún un.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ ti dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ kan. Òkun fà, omi tó kù lórí àpáta gbóná bí omi ìwẹ̀ abiyamọ. Àwọn ẹja ń yọ ẹnu sókè.

Vatiliai, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, gbé àwọ̀n dé. Ó kéré sí Akanisi, ṣùgbọ́n irú ẹbí bẹ́ẹ̀ kì í bọ̀wọ̀ fúnra wọn lábúlé náà. Èébú ni wọ́n fi ń kíra, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àwọn fẹ́ràn ara wọn.

"Ìyá ọlọ́pàá, ṣé ojú ẹ ti fọ́ ni? Ẹja ń kú lọ. Jẹ́ ká kó wọn lónìí, ká yan wọ́n pa mọ́."

"Ikùn ẹ ló ń sọ̀rọ̀, olè. Ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sọ."

"Akanisi, mi ò ṣeré mọ́. Àwọn àgbà ní tó o bá ti gbà, àwọn náà gbà."

"Mi ò gbà. Gbé àwọ̀n ẹ lọ."

Ó gbé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn ló jí wọn. Ẹja ńlá, ẹja wẹ́wẹ́, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ òféèfé, gbogbo wọn ló sùn sílẹ̀ létí òkun, inú wọn wú. Àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ọjọ́ méjì ni Akanisi fi gbẹ́ ihò, tó ń sin wọ́n. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò ní òpin.

Ọjọ́ pé. Ẹja inú agolo ni wọ́n fi se àsè Jeremaia.

Akanisi jókòó, ó ń retí èébú Vatiliai, torí ó mọ̀ pé ó tọ́ sí òun. Vatiliai fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ síwájú rẹ̀, ó wolẹ̀.

"Ẹ jẹun, àǹtí," ló sọ.