Àgọ́ wa l'Ókè Ìdànrè ti di ti àgbàlá oníṣu

Mò ń lọ sí Ìdànrè. Màámi ti gbà, àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí a máa pàgọ́ sí.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ síkáòtù ní Lafíàjì ti ń fà á láti Sọ́ńdè: ṣé orí àpáta ni ká sùn, àbí etí odò inú igbó? Orí àpáta lèmi fẹ́.

Màámi ní òun ò ní jẹ́ kí n sùn níbi tí a ò ti mọ ẹnì kankan. Láàárọ̀ yìí ló wọ́ mi lọ sí Èbúté Èrò, sọ́dọ̀ ìyá oníṣu rẹ̀ tó jẹ́ ará Ìdànrè.

Mo ní, "Ẹ kú ọjà, mà. Orí àpáta yín la fẹ́ sùn."

Ìyá oníṣu ní, "Àlejò mi, lórí àpáta? Ṣé ilé mi jó ni?"

Màámi ti ń rẹ́rìn-ín.

"Àgbàlá mi lẹ ó pàgọ́ sí. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó jẹ iyán kẹ́ ẹ tó gùn ún."

Èmi ọmọ Èkó tí ò rí òkè rí. Inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Ta nínú yín ló máa bá mi sọ ọ́ fún ọ̀gá síkáòtù wa, tó ní ká lọ kọ́ bí a ṣe ń dáná nínú igbó?