Irun Ajá Ni Wọ́n Fún Mi

Títí di òní, bí irun bá ń jó níbi kan, ẹsẹ̀ òsì mi ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn irun Kòmándò ni, ajá Bàbá Onílé wa ní Akpakpa, irun tí ìyá mi yan nínú àpáàdì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó lọ̀ ọ́, tó fi epo pupa pò ó, tó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò mi. Irun ajá tó gé ni jẹ ni oògùn ibi tó gé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ṣakété, ìlú wa, kí wọ́n tó bí bàbá mi, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é fún mi.

Èmi àti Rosine ni wọ́n rán lọ ra búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Gun, ń ránṣọ ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Bàbá tèmi ń ta táyà àlòkù lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ Bàbá Onílé bó ṣe yẹ. Ó ṣí géètì sílẹ̀. Kò so ajá tó ti pa ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ rí. Nígbà tí a figbe ta, ajá ló kọ́kọ́ pè, kó tó pe àwa. Ó tún sọ fún gbogbo àdúgbò pé a fà á nírù. Irọ́ ni. Búrẹ́dì ló wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni ajá náà kọ́kọ́ mú, ó fa ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi ya. Eyín méjì péré ló kan Rosine ní ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e sórí ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, dókítà kọ ohun tó rí, ìyá rẹ̀ sì gba ibẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá tèmi lọ bá Bàbá Onílé, ó lọ tọrọ irun. Ọkùnrin náà fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ẹ gbà, Ìyá Sàfú. Ajá gidi ni, yóò san."

Nírọ̀lẹ́, ó kó àwọn àgbà ìlú wa sẹ́yìn, ó wá bẹ̀bẹ̀. Ó mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ilé àwa Nàgó. Bàbá arúgbó tó sọ mí lórúkọ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, bàbá mi sì fò dìde, ó dì í mú.

"Ẹ dìde, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí n gba ègún!"

"Ṣé ọ̀rọ̀ ti tán?"

"Ó ti tán, Bàbá."

Ẹnikẹ́ni kò yọjú wo yàrá tí mo dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá mi rọra dárúkọ kóòtù. Bàbá mi dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nígbà gbogbo: "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́."

"Ta ló ń bá ajá ṣọ̀rẹ́?" ni ìyá mi wí. 

Àwọn àgbà yẹn kan náà ló kọjá sọ́dọ̀ ìyá Rosine. Kò kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin bàbá mi. Ta ni ajá gé jẹ nínú yín?" Ó sì ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ilé ẹjọ́ dá Rosine láre. Bàbá Onílé san owó gbà-má-bínú, kẹ̀kẹ́ pupa kan sì wọ àgbàlá wa, ó ní aago lọ́wọ́. "Sàfú, wá tì mí!" ni Rosine ń wí. Èmi tí mo ń tiro ni mo ń tì í. "Tìẹ ńkọ́? Kí ni wọ́n fún ẹ?" Kí n tó lanu, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn: "Irun!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lu aago. Ìlara wọ̀ mí lára débi pé mo ń gbàdúrà kí Kòmándò tún gé mi jẹ, kí a lè ṣe é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló dùn mí jù. Rosine sọ fún mi pé adájọ́, obìnrin kan, tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó ní: "Níbo ló ti dùn ọ́, ọmọ mi?" Bàbá Onílé sì dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí Rosine fi parí. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ní yunifásítì, òfin ni mo kà, ẹ ò ní béèrè ìdí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹni tó ni ẹran ni yóò dáhùn fún ibi tí ẹran náà ṣe, ì báà já lókùn; àti pé àkókò tí mo fi lè pẹjọ́ ti kọjá. Mo kó ọ̀rọ̀ náà wálé fún bàbá mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní: "Sàfúrátù, òkú ọ̀rọ̀ lo fẹ́ fi ìwé jí yìí."

Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé Rosine ní Godomey, níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú ló wọ̀. Èmi kò wọ irú rẹ̀ rí.

"Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ti ajá."

"Ajá wo?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó wá ojú àpá náà títí kó tó rí i. "Háà, Kòmándò! Sàfú, mo ti gbàgbé o!"

Mo ti jowú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo ti jowú adájọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n owú ọjọ́ yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ ti dógùn-ún tipẹ́. Ìgbàgbé yẹn gan-an ni ohun tí wọ́n san fún un, òun ni gbèsè tí wọ́n jẹ mí.

Ọmọ tó ń tiro lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rò pé bí òun bá dàgbà, tí òun mọ òfin, ẹnì kan yóò bi òun níbi tó ti dun òun. Mo ti dàgbà, mo sì mọ òfin. Kò sẹ́ni tó bi mí, ṣùgbọ́n mo mọ ìdáhùn náà sórí: Níhìn-ín ni, Olúwa mi adájọ́, lẹ́yìn ojúgun òsì, níbi tí irun kò ti hù mọ́.