Ìkòkò Tí Ọwọ́ Kan Ṣoṣo Mọ

Ní agboolé tí wọ́n bí mi sí ní Òkèlele, ìkòkò kì í ní ìyá kan ṣoṣo. Ẹni tó po amọ̀ lè má jẹ́ òun ni yóò mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó mọ ìdí lè gbéra lọ dáná, kí ẹlòmíràn jókòó sí àyè rẹ̀, kó gbé ara ìkòkò dìde. Ẹlòmíràn á mú ewé tútù, á fi yí ẹnu rẹ̀ po títí yóò fi jọ̀lọ̀. Bí àlejò bá wọlé, tó bá ti jẹ́ ọmọ amọ̀kòkò, kì í kàn wí pé "ẹ kú iṣẹ́" kó kọjá. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, yóò ra ibì kan tó rí gbágungbàgun, kó tó wá ní, "Allah á fi àlùbáríkà sí i." Ẹni tó bá kọjá lára amọ̀ tútù láìfọwọ́ kàn án, ohun tí a máa ń sọ ni pé onítọ̀hún ń bínú sí ẹni tó ni ín.

Inú àṣà yìí ni mo dàgbà sí kí n tó lọ ṣe tíṣà. Nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ti gbẹ, àmọ́ ojú mi kò gbàgbé. N kò mọ̀ pé ohun tó dùn tó báyẹn lè dúró sójú ọ̀nà ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ọkàn mi kò tíì jókòó.

Ọmọ-ọmọ mi ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ mi obìnrin ló bí i, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti kàwé títí ó fi jáde ní poli. Bí ilé ìwé bá ti gba ọlidé báyìí, Òkèlele ló ń gbà lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn amọ̀kòkò níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá mi ní pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà lókè òkun. Mo ní ọnà wo? Ó ní ìkòkò ni.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ nígbà tí a mú ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ̀.

"Wọ́n ń mọ ìkòkò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó?"

"Wọ́n ń mọ ọ́n, Ìyá Àgbà. Yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ."

"Kí ni wọ́n ń fi í sè?"

"Wọn kì í fi í se nǹkan kan, mà. Wọ́n máa ń wò ó ni."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọmọ, ó wò mí, ó tún wo ọmọ. "Súbúhánállàhì! Ṣé wíwò náà ni wọ́n á fi yó?" Ṣùgbọ́n ó gbọ́wọ́ sókè, ó ṣe àdúrà fún un, gbogbo àwọn obìnrin ilé sì ṣe àmín.

Àwòrán ìkòkò kún inú fóònù ọmọ náà fọ́fọ́. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ó ní kí àwọn òyìnbó yára wá mú un lọ. Lójú tèmi, ó ti bọ́ sí i. Àfi ìgbà tó ń ka ohun tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń béèrè sí mi létí, tó dé ibì kan, tó dákẹ́. Mo ní kí ló dé? Ó tún ibẹ̀ kà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ lọ bíi pé Òyìnbó kò yé mi: iṣẹ́ yòówù tí ẹni tó ń wá àyè bá fi ránṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, kó sọ ọ́.

Ó ń fi ìka ti àwọn àwòrán náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyá, èwo ni tèmi nínú gbogbo èyí?"

Mo na ọwọ́ sí ìṣà ńlá kan. Ó ní Àńtí tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé ló yí ẹnu rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí òmíràn. Ó ní Ìyá Àgbà ló fi òkúta dán ara rẹ̀. Mo wá ní, ìkòkò dúdú kékeré yẹn ńkọ́?

"Èmi ni mo mọ ìyẹn," ló wí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Àmọ́ ẹ̀yin náà fọwọ́ ra ìdí ẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ wá kí Ìyá Àgbà níléyá."

"Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Bí mo bá sọ ọ́ lórí gbogbo wọn, kí ni màá ní èmi ṣe?"

Irọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ṣòro pa. Ta ni yóò ti òkè òkun wá wádìí dé Òkèlele? Èmi àti ọmọ náà mọ̀ pé irọ́ ọ̀hún jókòó tì wá ní pálọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i nínú wa.

Ó kù kó mọ àwọn mìíràn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun nìkan, kí ìparí oṣù tó dé tí wọn kò ní gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìgbà òjò sì ni. Ìkòkò tí kò gbẹ dénú, bó bá kan iná, ńṣe ló ń bú. Láti ọjọ́ náà, ìsinmi jáde nílé wa. Bí mo bá kírun tán, ojú ọ̀run ni mò ń kọ́kọ́ wò.

Ó kó àwọn obìnrin ilé jọ, ó bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí àpótí.

"Ẹ̀tẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wa ni?"

"Rárá o, Ìyá Àgbà. Òfin ilé ẹ̀kọ́ náà ni."

"Ta ló kọ́ ọ? Ṣé òfin ló kọ́ ọ?"

Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká di ọwọ́ wa mú fúngbà díẹ̀." Ó ní ó dáa. Ó di ọwọ́ sẹ́yìn lójú gbogbo wa, bí ọmọ kéú tí wọ́n ń bá wí.

Ìkòkò àkọ́kọ́ dé ẹnu, ìrun alásárì dé. Ọmọ náà lọ ṣe àlùwàlá. Ìgbà tó máa padà, ẹnu ìkòkò ti ń dán bíi gíláàsì. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ń ṣa ẹ̀wà tó ti ṣà tán. Òmíràn ń wo òrùlé. Ewé tútù sì ń kán omi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyá Àgbà!"

"Mò ń kọjá lọ ni tèmi. Òun ló ń wò mí."

Ọmọ náà kò jà. Ó fọ́ ìkòkò náà padà sí amọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. N kò lè wojú ẹ̀gbọ́n mi.

Èyí tó mọ tẹ̀lé e, ó fi agbada dé e mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìyàwó ilé kan lọ ṣí i kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, ó rí ibi tó tẹ̀ wọnú, ó bá fi àtàńpàkò tì í jáde. Ó wá fi tayọ̀tayọ̀ ròyìn: "Ọkọ mi," bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé, "ibi kan fẹ́ dójú tì yín lára ìkòkò yẹn. Mo ti bá yín tún un ṣe." Ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri, ó sunkún díẹ̀, ó sì tún fọ́ ọ.

Ibẹ̀ la ti fi kẹ̀kẹ́ Márúwá kó amọ̀ wá sílé mi. Mo ní kó lo yàrá tí mo ń kó àpò ìrẹsì sí, kó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ mi? Bó bá jáde lọ mu omi, tí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo máa ń rí àwọn ìkòkò tó mọ nínú ibẹ̀. Ọ̀kan wọ́ sápá òsì. Òmíràn ní èjìká kan tó ga ju èkejì lọ. Ọwọ́ ń yún mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọwọ́ tó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ó rántí amọ̀ lójijì. Mo fi tẹ̀súbáà dí i lọ́wọ́. Bí ọmọ náà bá ti wọlé padà, màá mí kanlẹ̀.

Wọ́n gbẹ díẹ̀díẹ̀. Sísun ló kù, ìyẹn kò sì ṣeé ṣe nínú ilé mi. Àfi ká padà sí Òkèlele.

Ní agboolé wa, gbogbo ilé ló ń sun ìkòkò pọ̀. Ẹnì kan á to igi, ẹnì kan á da koríko lé e, àwọn kan á máa ṣọ́ afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló tò ó, òun ló da koríko lé e, òun ló ṣáná sí i. Àwọn obìnrin ilé tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo wọn káwọ́ sẹ́yìn. Èmi náà wà láàárín wọn. Ọ̀run ṣú. Afẹ́fẹ́ yí lójijì, iná bá dà sápá kan, apá kejì ṣí sílẹ̀ gbayawu, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ lu ìkòkò gbígbóná. Ọmọ náà wà ní òdìkejì, kò rí i.

"Apá ọ̀tún! Ìwọ ọmọ yìí, apá ọ̀tún ti ṣí!" Ẹ̀gbọ́n mi ló kígbe. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn.

Ọmọ náà sáré yí i, ó da koríko bò ó. Òjò kò rọ̀ títí iná fi rẹlẹ̀. Ọ̀kan sán. Àwọn tó kù yọ, wọ́n wọ́, wọ́n sì dúró. Ó wọ́n omi èèpo igi sí wọn lára, wọ́n ń hó, wọ́n ń dúdú. Kò sẹ́ni tó yìn ín. Ẹnu wọn kò dọ́gba, gbogbo wa rí i.

Ó ya wọ́n ní fọ́tò lójú òrùn, ó fi wọ́n ránṣẹ́. Ìdúródè tún bẹ̀rẹ̀. Bí fóònù bá ké, kò báà ṣe tẹni tó ń polówó káàdì, èmi ni mo ń kọ́kọ́ dìde. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kọ̀wé pé àwọn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi wọ́ wá sílé mi, ó jókòó sí igun pálọ̀ níbi tí kámẹ́rà kò dé. Ìyá òyìnbó onírun funfun kan ló yọ, àti ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n béèrè eléyìí, wọ́n béèrè tọ̀hún, ọmọ náà ń dáhùn geere. Ìyá náà wá bi í pé, ṣé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́?

Mo rò pé, sọ pé rárá. Ìdáhùn òtítọ́ ṣáà ni.

Ọmọ náà gbé fóònù sún mọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ mi nìkan ló ṣe é," ló wí ní Òyìnbó. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń sun wọ́n, ẹnì kan pariwo sí mi pé apá ọ̀tún ti ṣí. Bí kò bá pariwo, gbogbo wọn ni ìbá bú."

Ìyá òyìnbó náà ní ta ni ẹni náà. Ọmọ bá yí fóònù sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ, tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá wa wo ọmọ yìí o, kì í gbọ́ràn, àmọ́ kì í purọ́."

Ọkùnrin yẹn wá ń ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wọn: oníkálukú ló ní tábìlì tiẹ̀ àti pẹpẹ tiẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó sọ ọ́ bí ohun tó ń fi tọrẹ. Ọmọ ń mi orí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù mìíràn ti wọ inú mi. Gbogbo ìgbà tí mò ń bẹ̀rù pé wọn kò ní gbà á, n kò rò ó pé ibi tó ń lọ, tẹrú tọmọ ni yóò máa kọjá lára amọ̀ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tó ń bínú sí i?

Wọ́n gbà á. Ó ka lẹ́tà náà tán, ó kọ́kọ́ pariwo, a jọ pariwo. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní òun ń lọ sí Òkèlele.

Mo bá a níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ti mọ ìkòkò kékeré kan, ó gbé e sí àárín agboolé, kò dé nǹkan kan lé e. Àwọn obìnrin ilé ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ẹ fọwọ́ kàn án," ló wí.

"Ṣé wọ́n ti gbà ọ́ tán?" ẹ̀gbọ́n mi bi í. "Ẹnikẹ́ni ò ní wá bi wá léèrè?"

"Wọ́n ti gbà mí, Ìyá Àgbà. Ẹ dákun."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó mú ewé tútù. "Ẹnu yìí wọ́," ó ní, "ó wọ́ gan-an." Ọwọ́ ò dínkù lára ìkòkò náà mọ́. Ìyàwó ilé yẹn fi àtàńpàkò tẹ ibì kan. Èmi náà ra ìdí rẹ̀, amọ̀ sì tutù sí mi lọ́wọ́.

Láàárọ̀ àná ni ọmọ náà wọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage lọ sí Èkó nítorí físà. Kò tíì pè. Òjò rọ̀ lówùúrọ̀ yìí. Mo ti lọ wo ìkòkò náà nísàlẹ̀ òrùlé tí wọ́n gbé e sí, kò tíì gbẹ. Mo fọwọ́ kàn án, mo padà sílé, mo sì tún ń wọ bàtà láti padà lọ wò ó.